Owó Wákàtí Nídìí Tábìlì Ẹja

Ìwọ tí o ń ka ìwé yìí, mo kìlọ̀ fún ọ kí a tó bẹ̀rẹ̀: má kà á sókè níbi iṣẹ́ rẹ. Bí ọ̀gá rẹ bá wà nítòsí, jẹ́ kí ó kọjá ná. Bí ẹnikẹ́ni bá sì bi ọ́ bóyá òótọ́ ni àbí irọ́, sọ fún un pé ìtàn ni. Ẹnu ẹyẹ ní ń pa ẹyẹ. Ọ̀rọ̀ péńpé kan ló jáde lẹ́nu obìnrin kan níwájú àwọn àlejò, kò sì sí ẹni tó rí i dá padà sí i lẹ́nu mọ́.

Akenese ni orúkọ obìnrin náà. Ilé-iṣẹ́ ẹja inú agolo tó wà létí omi ní Pago Pago, lórí erékùṣù kan tó wà lábẹ́ Amẹ́ríkà, ló ti ń ṣiṣẹ́, nídìí tábìlì gígùn kan, òun àti àwọn obìnrin tí wọ́n tò lọ títí bí eyín. Ẹja túnà tí wọ́n ti fi ooru sè ni wọ́n ń kó wá síwájú wọn. Wọn á bó awọ, wọn á fa egungun yọ, wọn á wá fi ọ̀bẹ ha ẹran pupa kúrò lára ẹran funfun. Funfun ń lọ sínú agolo ènìyàn, pupa ń lọ sínú agolo ológbò. Bí pupa bá kù sára funfun, Ierome tó ń bójú tó tábìlì á pariwo. Bí funfun bá bá pupa lọ, á tún pariwo.

"Ológbò Amẹ́ríkà ń jẹun ju ọkọ mi lọ," Masina a máa wí. "Bí mo bá máa tún ayé wá, ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run, ológbò ni kó dá mi."

Masina yìí ló ń dúró lápá ọ̀tún Akenese. Ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ọwọ́ rẹ̀ náà kì í sinmi. Ọmọ ilẹ̀ ni, abúlé Aua lódìkejì omi ni wọ́n bí i sí. Akenese ní tirẹ̀, Savai'i, erékùṣù mìíràn lódìkejì òkun, ló ti wá. Èdè kan náà ni, orin ìsìn kan náà ni, ṣùgbọ́n ìjọba ọ̀tọ̀ ni. Ọmọ Savai'i tó bá fẹ́ gbé ní Pago Pago gbọ́dọ̀ ní onídùúró, ó sì gbọ́dọ̀ gba ìwé ìgbélùú lọ́dọọdún. Lautala, ẹ̀gbọ́n olóògbé ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ ìjòyè ìdílé wọn, ló dúró fún un. Iṣẹ́ ló sì so ìwé náà ró. Ọjọ́ tí iṣẹ́ bá bọ́, ìwé ti bọ́ nìyẹn, ọkọ̀ ojú omi padà sí Savai'i ló kù. Ìyá rẹ̀ àti ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo wà ní Savai'i, ohun tó bá fi ránṣẹ́ ni wọ́n ń jẹ.

Nítorí náà, ohun kan ni Akenese ń ṣọ́ láyé yìí. Ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tẹ̀ nídìí tábìlì yẹn. Kì í pẹ́ dé. Kì í bá wọn dá sí ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá bá wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, á kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn kí òun náà tó rẹ́rìn-ín.

Ní ọjọ́ ìsinmi kan, àlùfáà ka ìròyìn kan lẹ́yìn ìwàásù. Ó ní àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà ti ṣe òfin pé owó wákàtí tó kéré jù lọ tí ẹnikẹ́ni lè san fún òṣìṣẹ́ yóò máa lé sí i ní erékùṣù náà. Ní oṣù Karùn-ún ọdọọdún ni yóò máa lé, títí yóò fi bá ti àwọn ará Amẹ́ríkà gan-an dọ́gba. Ilé ìjọsìn dún gbì. Obìnrin kan bú sẹ́kún. Akenese wo ẹ̀yìn, ó rí i pé kò sí ọ̀gá kankan níbẹ̀, ó pàtẹ́wọ́.

Ní ọjọ́ kejì, nígbà tí wọ́n jókòó jẹ kókò àti ẹran inú agolo lákòókò ìsinmi, àwọn obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í jíròrò. Wọ́n ní kò yẹ kí irú oore bẹ́ẹ̀ kọjá lọ láìdúpẹ́. Wọ́n ní kí wọ́n lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá àgbà, òyìnbó kan tó ń jẹ́ Weldon.

Masina tu oúnjẹ ẹnu rẹ̀ sọ́wọ́. "Weldon wo? Weldon tó wọ bàálù lọ bẹ̀ wọ́n ní Wáṣińtọ̀n pé kí wọ́n má ṣe é? Òun lẹ fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Ẹ kúkú lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹja yanyan tí kò rí yín gé jẹ."

"Kò burú," ni Akenese wí. Ohùn rẹ̀ kéré. "Òfin ò ní ọwọ́, Masina. Ọwọ́ ta ni owó náà máa gbà dé ọwọ́ wa? Ṣebí ọwọ́ rẹ̀ ni?"

"Ọwọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni. Kì í ṣe ọkàn rẹ̀."

"Èmi ò bá ọkàn rẹ̀ ṣiṣẹ́."

Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Akenese náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rù sì bà á pé òun sọ̀rọ̀ jù.

Ṣùgbọ́n ó ní ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ní ilẹ̀ wọn, bí o bá fi ẹní ẹ̀yẹ fún ẹnì kan níwájú ọ̀pọ̀ ènìyàn, tó sì gbà á, ìwọ àti ẹni náà ti di kan náà. Kò lè kẹ̀yìn sí ọ lọ́jọ́ ìṣòro. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ojú á tì í títí dé ọmọ ọmọ. Akenese sì ní ẹní kan. Ó ti ń hun ún láti ìgbà tí ọmọ rẹ̀ wà lẹ́nu ọmú, ó la ewé rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú, ó rọ̀ nílẹ̀ bí aṣọ, ó sì fi ìyẹ́ pupa ṣe etí rẹ̀. Ọjọ́ ìsìnkú ìyá rẹ̀ ló fi pamọ́ dè. Ó gbé e sílẹ̀ fún Weldon.

"Akenese, o ya wèrè," Masina wí nígbà tó rí i. Ó fọwọ́ pa ẹní náà lára. "Ọlọ́run mi. Èyí tó láti fi fẹ́ ọmọ ìjòyè. Ẹní yìí lo fẹ́ fún ẹni tí kò mọ orúkọ rẹ?"

"Ó máa mọ̀ ọ́n lọ́la."

Ní ọ̀la, àwọn obìnrin gbé ẹní náà ní etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n gbé e yí ká iwájú ọ́fíìsì kí gbogbo ojú lè rí i, wọ́n sì ń ké igbe ọpẹ́. Weldon jáde, ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹ̀yìn edé tí a sè. Ó kọ́kọ́ ní rárá, òun ò lè gbà á. Ierome sọ nǹkan sí i létí. Ó wá gbà á, ó bọ gbogbo wọn lọ́wọ́, ó sì ní kí wọ́n fún obìnrin kọ̀ọ̀kan ní páálí ẹja inú agolo.

"Ẹja!" ni Masina ń pariwo bí wọ́n ṣe ń lọ sí ibùdókọ̀, tòun ti páálí léjìká. "Ẹ wá wo ohun tí wọ́n fi ta obìnrin tó ń bó ẹja lọ́rẹ! Lọ́dún tó ń bọ̀, awọ rẹ̀ ni wọ́n máa fún wa."

Akenese ò bínú. Ó ti gbọ́ tí ọ̀gá àgbà pe orúkọ òun. Ó pè é gbódì, ṣùgbọ́n ó pè é. Wọ́n fi ẹní náà kọ́ ara ògiri ọ́fíìsì, nígbàkigbà tí Akenese bá sì gba ibẹ̀ kọjá, á wò ó láti ẹnu ọ̀nà, ọkàn rẹ̀ á sì balẹ̀.

Owó lé ní oṣù Karùn-ún yẹn lóòótọ́. Kí n má parọ́, ó dùn. Akenese ra páánù fún òrùlé ìyá rẹ̀. Masina ra ẹ̀rọ amómitutù, ó sì pe gbogbo tábìlì wá mu omi tútù nílé rẹ̀. Lautala, tó máa ń gba ìdá kan lọ́wọ́ Akenese fún ìnáwó ìdílé, òkú àti ìgbéyàwó àti ilé àlùfáà, fi díẹ̀ kún ìdá tirẹ̀. "Òfin fi kún un," ó wí. "Èmi náà fi kún un." Kò sẹ́ni tó bá a jiyàn.

Ó tún lé lọ́dún kejì. Ọdún kejì yìí ni nǹkan yí padà. Kò yí padà pẹ̀lú ariwo. Iṣẹ́ ọjọ́ Sátidé ló kọ́kọ́ lọ. Lẹ́yìn náà, àfikún wákàtí tí wọ́n máa ń ṣe nígbà tí ọkọ̀ ẹja bá pọ̀ létí omi lọ. Lẹ́yìn náà, fèrè ìṣíwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dún nígbà tí oòrùn ṣì wà lókè. Owó wákàtí ń gun òkè, wákàtí fúnra rẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì bá pé tí wọ́n bá gbowó, ohun tí wọ́n ń gbà lọ́dún àná náà ni, nígbà mìíràn kò tó o.

"Ó kúkú dáa," Masina wí. "Owó kan náà, iṣẹ́ kékeré. Mo ń lọ sùn."

Àmọ́ ilé-iṣẹ́ ẹja kejì, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn, ló ti ilẹ̀kùn pátápátá. Èrò rẹpẹtẹ ló jáde níbẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ilé oúnjẹ tó wà ní iwájú rẹ̀ kú tẹ̀ lé e. Bọ́ọ̀sì tó máa ń kún fọ́fọ́ láàárọ̀, Akenese bẹ̀rẹ̀ sí í rí àyè jókòó nínú rẹ̀, ìjókòó náà kò sì tù ú lára.

Ierome dúró sí ìkángun tábìlì, ó ní, "Ṣé ẹ rí i? Òfin yín ló pa wọ́n. Nílẹ̀ Éṣíà, ohun tí wọ́n ń fún obìnrin kan lójúmọ́ kò tó ohun tí ẹ ń gbà ní wákàtí kan. Bí ẹ bá jẹ́ ọ̀gá, níbo lẹ máa gbé ẹja yín lọ?"

"Wọ́n ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́ kí òfin tó dé," Masina dá a lóhùn láìgbójú sókè. "Ẹ̀dínwó owó orí tí ìjọba ń ṣe fún wọn ló dópin. Gbogbo ayé ló mọ̀. Ilé tó ti ń wó, afẹ́fẹ́ díẹ̀ ni wọ́n máa ń fẹ̀sùn kàn."

"Ìwọ lo mọ̀ ọ́n, agbẹjọ́rò ẹja."

"Ẹ̀yin náà lẹ mọ̀ ọ́n, ọ̀gá ọlọ́bẹ."

Akenese ń ha ẹran pupa. Ó gbọ́ ti Ierome, ó dà bí òótọ́. Ó gbọ́ ti Masina, òun náà dà bí òótọ́. Ó ro ọ̀rọ̀ méjèèjì títí orí fi ń fọ́ ọ. Ó wá rò ó pé, ohun yòówù tó pa ilé-iṣẹ́ kejì, òun ní ẹní lára ògiri.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè kan, ó gba ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì kọjá, ògiri sì funfun báláú. Weldon ti padà sí Amẹ́ríkà. Ọ̀gá tuntun ti dé, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń rìn lẹ́yìn àwọn obìnrin pẹ̀lú aago lọ́wọ́, tí kì í kí ènìyàn.

Akenese dúró de Ierome lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń fọ bàtà rọ́bà. "Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ẹní yẹn."

"Ẹní wo?"

"Èyí tó wà lára ògiri."

"Weldon ká a lọ. Ó ní ìyàwó òun fẹ́ràn rẹ̀."

"Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ la fún."

Ierome wò ó, kò sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́, èyí ló tún burú jù. "Akenese, èmi wà níbẹ̀. Mi ò rí ilé-iṣẹ́ kankan tó na ọwọ́ gba ẹní. Weldon ni mo rí."

Ojú ní í rójú ṣàánú. Ojú tó mọ̀ ọ́n ti wọ bàálù lọ. Láti ọjọ́ náà, Akenese bẹ̀rẹ̀ sí í tètè jí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì ń dé ẹnu géètì kí wọ́n tó ṣí i.

Kò pẹ́ lẹ́yìn èyí ni ìròyìn dé pé àwọn àlejò kan ń bọ̀ láti Wáṣińtọ̀n. Wọ́n fẹ́ jókòó gbọ́ tẹnu àwọn ará ìlú, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá kí àfikún owó tó ń bọ̀ lóṣù Karùn-ún máa bọ̀, tàbí kí wọ́n dá a dúró ná. Gómìnà yóò sọ̀rọ̀. Àwọn oníṣòwò yóò sọ̀rọ̀. Wọ́n ní òṣìṣẹ́ kan náà gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀.

Ierome fa Akenese sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ìwọ ni wọ́n mú."

Akenese tọ́ka sí tábìlì. "Èmi? Masina ló mọ ọ̀rọ̀ sọ, sà."

"Ìdí nìyẹn tí wọn ò fi mú Masina." Ó fọwọ́ nu ẹnu. "Ẹ̀rù kò gbọdọ̀ bà ọ́. Sọ pé kí wọ́n dá a dúró. Kò gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mi ò dẹ́rù bà ọ́ o, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá máa dín ènìyàn kù, àwọn tó ní ìwé ìgbélùú ni wọ́n máa kọ́kọ́ lọ. Àyàfi àwọn tí ilé-iṣẹ́ bá mọ̀."

Nírọ̀lẹ́, Lautala ránṣẹ́ pè é. Ó jókòó kàkàtàrà sẹ́bàá òpó ilé, abẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́. Akenese jókòó sílẹ̀, ó ká ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ abẹ́.

"Mo gbọ́ pé o máa sọ̀rọ̀ níwájú àwọn ènìyàn ńlá."

"Wọ́n ní bẹ́ẹ̀, Olóyè."

"Ohun tí ilé-iṣẹ́ bá fẹ́ ni kí o sọ. Èmi ni mo fọwọ́ sí ìwé rẹ. Bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ, ọ̀dọ̀ mi ni ìjọba máa wá." Ó fẹ́ abẹ̀bẹ̀ díẹ̀. "Kí wọ́n tún fi kún owó náà, kí lo fẹ́ fi ṣe? Ṣé èyí tí o ń gbà kò tó ọ ni?"

Akenese fẹ́ wí pé ìdá tí Lautala ń gbà ni kò jẹ́ kó tó. Kò wí i. Ó ní, "Ó tó mi, Olóyè."

Ní ọjọ́ kejì, Masina ò jẹ́ kó simi. Ó ń bó ẹja, ó ń sọ̀rọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ẹnu. "Ṣe ni kí o sọ fún wọn pé búrẹ́dì ti wọ́n. Sọ fún wọn pé epo ti wọ́n. Sọ pé a ń dúró láti àárọ̀, tí ẹsẹ̀ wa á wú bí gbẹ̀rẹ̀fútù. Sọ pé kí owó máa bọ̀!"

"Bí wọ́n bá wá ti géètì ńkọ́?"

"Wọ́n máa tì í lọ́jọ́ tó bá wù wọ́n, bí owó lé, bí kò lé."

"Ìwọ lè sọ bẹ́ẹ̀. Ìwọ ní ìwé Amẹ́ríkà. Bí wọ́n bá tì í, o máa wọ bàálù lọ bá àbúrò rẹ ní Honolulu. Èmi ńkọ́?"

Masina fi ọ̀bẹ lélẹ̀. "Wò ó, Akenese. Bí a bá ń sọ pé kí wọ́n má fi kún un, wọ́n á kàn máa sọ pé àwa fúnra wa la kọ̀ ọ́. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n kó má wá gbẹ́ ọwọ́ ẹni tó dì í mú."

Akenese tẹjú mọ́ ẹja rẹ̀. Ọ̀gá tuntun ń bọ̀ pẹ̀lú aago rẹ̀.

Gbọ̀ngàn ńlá kan ni wọ́n ti jókòó. Àwọn àlejò wọ kóòtù nínú ooru, òdòdó lọ́rùn wọn, òógùn ń kán lójú wọn. Wọ́n gbé iná kékeré kan síwájú ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Bí iná bá ti pọ́n, àkókò ẹni náà ti tán. Akenese rí i bí gómìnà ṣe sọ̀rọ̀, bí àwọn oníṣòwò ṣe sọ̀rọ̀, iná wọn pọ́n, wọ́n dákẹ́. Ó rí Lautala láàárín àwọn ìjòyè. Ó rí ọ̀gá tuntun. Ó rí Masina lẹ́yìn pátápátá, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ fẹ́ ojú.

Wọ́n pe orúkọ rẹ̀. Ó dìde. Kò sí ọmọ ilẹ̀ wọn tó máa lanu níwájú irú àwùjọ bẹ́ẹ̀ láìkí wọn ná. Ó kí àwọn ìjòyè ìlà-oòrùn pẹ̀lú oríkì wọn, ó kí àwọn ti ìwọ̀-oòrùn, ó kí àwọn ti erékùṣù kékeré, kò fo ẹnì kankan, nítorí ẹni tí ó bá fò á di ọ̀tá. Ó kí àwọn àlùfáà. Ó kí àwọn àlejò, ọkọ̀ òfurufú tó gbé wọn wá, àti Ọlọ́run tó gbé ọkọ̀ náà dúró. Ó tọrọ àforíjì pé obìnrin lásán lòun, tí kò yẹ kó dúró níbẹ̀. Ògbufọ̀ ń nu ojú. Ibi tó ti ń tọrọ àforíjì ẹlẹ́ẹ̀kejì ni iná ti pọ́n.

Gbogbo ilé ń kùn. Ìyẹn ìbá sì dáa fún un. Bí wọ́n bá ti jẹ́ kó jókòó nígbà náà, ìtàn yìí kò ní sí. Ṣùgbọ́n alága àwọn àlejò jẹ́ ènìyàn pẹ̀lẹ́. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kí wọ́n fún ìyá náà ní àyè díẹ̀ sí i.

"Ìyá," ni ògbufọ̀ túmọ̀ rẹ̀, "kí lẹ fẹ́ kí a ṣe sí owó wákàtí náà?"

Akenese tẹrí ba. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a dúró ná. Kí iṣẹ́ má bàa lọ."

"Ṣé ẹ̀yin tí ẹ ń gbà á kò fẹ́ kó pọ̀ sí i?"

"Mo fẹ́ ẹ."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Alága náà tẹ̀ síwájú. "Èwo gan-an nínú méjèèjì?"

Ó wo Lautala. Abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ti dúró. Kò wo ẹ̀yìn níbi tí Masina wà. "Ẹ dá a dúró," ó tún wí. Ó jókòó kí wọ́n tó ní kó jókòó.

Kò pẹ́ tí rédíò fi kéde rẹ̀: wọ́n ti dá àfikún ọdún yẹn dúró, bóyá ti ọdún tó ń bọ̀ náà. Àwọn kan dúpẹ́ lọ́wọ́ Akenese lọ́nà ilé ìjọsìn. Àwọn kan yí ojú kúrò. Ọ̀gá tuntun kí i ní ẹ̀ẹ̀kan, ó mi orí sí i. Masina ṣì ń dúró lápá ọ̀tún rẹ̀. Ó ṣì ń ṣàwàdà, ṣùgbọ́n tábìlì lápapọ̀ ló ń bá ṣe é, kò yí ojú sí i mọ́.

Oṣù Karùn-ún wá, ó lọ, owó ò lé. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, kété tí wọ́n dé lọ́wọ́ ìsinmi, Ierome wọlé láìní pátákó ìkọ̀wé tó máa ń gbé lọ́wọ́. Ó ní kí wọ́n fi ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Wọ́n máa ti ìlàjì tábìlì. Ẹja tí wọ́n ti bó láti òkèèrè ni wọ́n máa máa kó wá báyìí, tiwa ni ká kàn dì í sínú agolo. Ẹni tí mo bá fọwọ́ kàn léjìká, kó máa lọ dúró sí ọ́fíìsì. Ẹ má bá mi jà. Kì í ṣe èmi."

"Ṣebí wọ́n ti dá owó náà dúró?" ẹnì kan kígbe.

"Wọ́n dá a dúró. Mi ò mọ̀. Èmi náà, ẹ wò mí, mi ò mọ̀."

Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ tábìlì. Kò sí ariwo kankan àyàfi bàtà rọ́bà rẹ̀ lórí omi. Ó fọwọ́ kan èyí, ó fo èyí. Akenese tẹjú mọ́ ẹran pupa tó wà níwájú rẹ̀. Ó gbọ́ tí bàtà náà dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ó gbọ́ èémí Ierome. Bàtà náà tún gbéra. Nígbà tó gbójú sókè, ọwọ́ Ierome wà léjìká Masina.

"Hẹ̀n," ni Masina wí. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, èkíní, èkejì, ó tẹ́ wọn sórí tábìlì dáadáa. "Ẹ bá mi kí ológbò."

Ó jáde lọ.

Nígbà tó di ọjọ́ Sátidé, Akenese wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Aua. Ó gbé agolo bisikíìtì ńlá kan dání, àti ẹran inú agolo, nítorí a kì í lọ bá ẹni tí nǹkan ṣe lọ́wọ́ òfo. Ilẹ̀kùn ilé Masina ṣí sílẹ̀. Masina kúnlẹ̀ ti àpótí kan, ó ń ká aṣọ sínú rẹ̀. Ó gbójú sókè.

"Wọlé. Kí ló ń ṣe ọ́ tó o dúró síta bí agbowó-orí?"

Akenese wọlé, ó jókòó, ó ti ẹrù rẹ̀ síwájú. "Kò pọ̀, Masina. O máa forí jì mí."

"Bisikíìtì! Ṣé o fẹ́ kí n wọ bàálù pẹ̀lú agolo yìí lórí?" Ṣùgbọ́n ó gbà á, ó fi ọ̀wọ̀ gbé e kan iwájú orí kó tó gbé e kalẹ̀, bó ṣe yẹ. "Honolulu ni. Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè. Àbúrò mi ti bá mi rí iṣẹ́ ní òtẹ́ẹ̀lì, kí n máa fọ aṣọ ibùsùn. Ṣé o mọ ohun tí wọ́n ń san ní wákàtí kan? Èyí tó kéré jù níbẹ̀, ó fi púpọ̀ ju èyí tó dára jù níbí lọ. Kò sì sẹ́ni tó bi mí bóyá mo fẹ́ ẹ àbí mi ò fẹ́ ẹ."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀."

"Ilé wọ́n níbẹ̀. Àbúrò mi ní yàrá kan làwọn mẹ́fà ń sùn. Èmi ni mo máa ṣìkeje." Ó ká ẹ̀wù kan, ó tún un ká. "Ọkọ mi ò lọ. Ó ní ta ni máa bójú tó ilẹ̀. Ilẹ̀ wo? Ebè kókò mélòó kan."

Láti ẹnu ọ̀nà, wọ́n lè rí èéfín ilé-iṣẹ́ lódìkejì omi. Ó tín-ín-rín ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Akenese ti ń gbé ọ̀rọ̀ kan kiri láti ọjọ́ tí Ierome ti fọwọ́ kan èjìká. Ó wo ẹ̀yìn. Kò sí ẹnì kankan.

"Masina. Mo fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan kan."

"Bi mí."

"Bí mo bá ti sọ èkejì. Lọ́jọ́ yẹn. Bí mo bá ti sọ pé kí wọ́n jẹ́ kí owó náà máa bọ̀. Ṣé o ò bá ṣì wà nídìí tábìlì? Àbí wọn ò bá ti lé gbogbo wa?"

Masina ń wá bọ́tìnì aṣọ kan. Ó rí i, ó bọ̀ ọ́ sínú ihò rẹ̀.

"Ìwọ lo máa ń mọ nǹkan," ni Akenese wí. "O mọ ti ilé-iṣẹ́ kejì. Ṣé èmi ni mo fà á? Bí kì í bá ṣe èmi, sọ fún mi. Bó bá jẹ́ èmi ni, sọ fún mi."

Masina gbójú sókè wò ó. Ẹnu rẹ̀ là díẹ̀, bíi ti ìgbà tí àwàdà bá fẹ́ jáde. Akenese dúró dè é. Àwàdà kankan ò jáde.

"Masina, dá mi lóhùn."

"Mi ò sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn mọ́," ni Masina wí. "Mú ẹ̀gbẹ́ àpótí yìí, jẹ́ ká tì í pa."

Akenese mú ẹ̀gbẹ́ àpótí náà. Wọ́n tì í pa. Ó tún bi í lẹ́ẹ̀kan sí i, jẹ́jẹ́. Masina ń so okùn mọ́ àpótí, ó fi eyín mú orí okùn náà kan.